Ọ̀pá Oníbátìrì Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

Bátìrì tí mo rà lánàá ti kú lónìí. Kò ṣàìsàn, kò dágbére. Mo ń gbọ́ ìròyìn lọ́wọ́, ẹni tó ń kà á ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé ibi tó dùn ni, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí oorun ń gbé lọ, ó ṣe kẹ̀ẹ́, ó dákẹ́. Mo yọ bátìrì náà, mo feyín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí a ti máa ń ṣe láyé ijọ́un, mo sá a sóòrùn lójú fèrèsé. Ọ̀kan yí bọ́ sínú gọ́tà. Èyí tó kù ò sì lè dá sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó báyìí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bí mi nínú. Ó ti pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí a gba òmìnira, nígbà tí mò ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, tí mo sì fẹ́ gbéyàwó.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ọ̀mọ̀wé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo dé kí ìwé tó sú mi. Tíṣà wa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní èmi ni mo sú ìwé. Mo lọ kọ́ṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Mọ́lété, nígbà tí mo sì parí, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo ní kí wọ́n kọ "Ẹnjiníà Rédíò" gàdàgbà sára pátákó. Kò sẹ́ni tó bi mí níbi tí mo ti joyè náà. Bí mo bá tú rédíò, tí mo sì tò ó padà, nọ́ọ̀tì kan tàbí méjì á ṣẹ́ kù. Mò ń kó wọn sínú agolo mílíìkì. Agolo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tọ́ mi, torí bàbá tó bí mi tètè kú. Nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì, Bàbá là ń pè wọ́n, kò sí Bàbá mìíràn. Ojú wọn ti fọ́ kí ìyá mi tó bí mi. Káún ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba. Wọ́n á fọwọ́ pa káún, wọ́n á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Èyí ti gbomi," kí ẹni tó gbé e wá tó parọ́ tán. Ọ̀pá igi lásán ni wọ́n fi ń rìn lọ rìn bọ̀, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n. Bí ẹ bá fi tipátipá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n á ní, "Ṣé àgbò Iléyá ni mí ni?"

Àkọ́bí wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó ń ka ìwé kan tí kì í tán. Òun ló fi ọ̀pá rán ẹnìkan tó ń bọ̀ nílé.

Téèyàn bá wò ó lójú lásán, ọ̀pá ni. Ó funfun, ó sì gùn tó ọ̀pá yòókù. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, wọ́n de àpótí kékeré kan mọ́ ọn tó jọ tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì wà nínú rẹ̀, wáyà kan sì tinú rẹ̀ jáde lọ sí etí ẹni tó mú un. Bó ṣe yé mi ni pé àpótí yẹn ń ké igbe kan tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Igbe náà á lọ, á kọ lu ohun tó bá wà níwájú, á padà, wáyà á wá túmọ̀ rẹ̀ sétí. Bí nǹkan bá jìnnà, á máa han bí ẹ̀fọn. Bó bá ti ń súnmọ́, ohùn á máa wálẹ̀ bí ohùn àgbà tó fẹ́ bínú.

Ìwé kékeré kan bá a wá. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kọjá Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀. Mo kà á lójú gbogbo agboolé, mò ń mirí, mò ń sọ pé "ẹn-ẹ́n, ó yé mi," kò sì sí èyí tó yé mi nínú rẹ̀ ju ibi tí wọ́n ya àwòrán bátìrì sí. Mo wá ní kí n tú àpótí náà wò.

Bàbá ní, "Má tú u."

Mo ní, "Bàbá, mo kàn fẹ́ yẹ inú rẹ̀ wò ni."

"Mo ní má tú u. Mo máa ń gbọ́ ìró agolo rẹ."

Mo tẹ̀ lé wọn jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣe ọ̀pá yẹn, ó dá mi lójú pé títì tó fẹ̀ tó sì ṣófo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Lọ́dọ̀ tiwa, ògiri ẹnìkan ni ògiri ẹlòmíràn, páànù ilé yọ síta débi orí, ewúrẹ́ sùn sójú ọ̀nà, ìyá kan gbé ìkòkò aró síta, ọkùnrin kan jókòó sórí pèpéle ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sọ́nà bí ẹni pé òun ló ni ín. Ẹ̀rọ náà ò rí ibi mí. Láti ẹnu ọ̀nà agboolé wa dé Ọjà'ba, igbe ló ń ké. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, kó má lọ di yín létí." Wọ́n ní, "Dákẹ́, mò ń gbọ́ ewúrẹ́."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n ní ohùn ògiri yàtọ̀ sí ohùn èèyàn, èèyàn tó sanra sì yàtọ̀ sí tínrín. Gọ́tà nìkan ni ẹ̀rọ náà ò mọ̀. Ohun tó bá ga ló ń rí, kì í wolẹ̀, bíi àwọn kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Imú ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá gọ́tà bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa wá bátìrì lọ. Ọ̀pá yẹn ń jẹ bátìrì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Rédíò oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú bátìrì nínú, á padà sílé lófo, màá ní ó ti jó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bátìrì ló fẹ́ ba tèmi jẹ́. Ìkíni ni.

Kí ọ̀pá yìí tó dé, bí Bàbá bá jáde nílé, kì í ṣe ìrìn ni wọ́n ń rìn, ìkíni ni wọ́n ń jẹ́. Gbogbo ilé ló ń kí wọn. "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ mọ̀ mí?" "Bàbá, ta ni mí?" Àwọn aláwàdà á tún fún imú sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí Bàbá dárúkọ àwọn kí wọ́n tó kọjá. Bàbá á dárúkọ wọn, wọ́n á pariwo, wọ́n á ní, "Áà, wọ́n mọ̀ mí o!" Ká tó dé Ọjà'ba, oòrùn á ti mú. Ìgbà tí ọ̀pá dé ni gbogbo ìyẹn dúró. Bàbá á ki wáyà bọ etí, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n á máa lọ fìrì bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Èèyàn kí wọn lápá ọ̀tún, wọn ò dúró. Èèyàn kí wọn lápá òsì, wọn ò yà.

Ìlú ò kúkú dákẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pe rédíò inú àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé nígbà yẹn, torí ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ni wọ́n bá sọ Bàbá ní Agbọ́-má-fèsì. Wọ́n ní ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi ìgbéraga ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nínú páálí.

Níbi tí èmi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Mò ń fẹ́ ọmọ kan ní Pópó Yemọja. Ó gbé rédíò ìyá bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tún un ṣe, àtìgbà náà, Haúsá nìkan ni rédíò yẹn ń sọ. Ó padà wá bá mi jà. Ó wá bá mi jà títí, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìjà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ télọ̀ tó ń rán agbádá, èèyàn gidi, onímọ̀ọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n aláwàdà tí kì í mọ ìgbà tí àwàdà tó. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó ku kí Bàbá ṣáájú, kí a lọ tọrọ ọmọ. Mo ti ra aṣọ. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ti sọ fún ọ̀rẹ́, kò sí ọ̀nà àtipadà fún un mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Gèlè wà lọ́rùn wọn, wọn ò jókòó.

"Ẹnjiníà!"

Bí ìyá mi bá ti lè pè mí ní Ẹnjiníà, mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Káàbọ̀ kọ́. Wọ́n ní ká má wá mọ́."

"Ta ló ní ká má wá?"

"Ta lò ń fẹ́ ọmọ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni wọ́n àbí ẹyọ kan? Bàbá ọmọ ló ránṣẹ́. Ó ní lẹ́yìn Jímọ̀ lánàá, l'Ọ́jà'ba, níwájú èrò, òun ṣe sàlámà sí Bàbá, Bàbá kọjá lára òun bí ẹni kọjá lára òpó iná. Àwọn tó dúró fi òun rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé tí wọn kì í ti í dá sàlámà padà, òun ò lọ́mọ tó máa gbé ibẹ̀."

Mo ní, "Wáyà ni, Ìyá mi! Wáyà wà létí Bàbá!"

"Lọ fi wáyà gbéyàwó."

Wọ́n wé gèlè wọn mọ́rí, wọ́n lọ.

Inú bí mi sí gbogbo wọn. Inú bí mi sí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, inú bí mi sí télọ̀, inú bí mi sí Òyìnbó tí mi ò mọ̀ rí tó ní kí wọ́n fi nǹkan dí etí àgbà nílùú tí ìkíni pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Mo jókòó, mo ronú, ọgbọ́n kan sì dé. Ká ní mi ò ronú ni, ì bá sàn. Mo ní bó bá jẹ́ wáyà etí ló ń dí ìkíni lọ́nà, kí n yọ wáyà náà, kí n fi sípíkà rédíò rọ́pò rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa ké síta, kí etí Bàbá lè ráàyè fún àwọn èèyàn. Bàbá ò fẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ìyàwó mi ni wọ́n ń gbé lọ yẹn. Wọ́n fọwọ́ pa ọ̀pá náà, wọ́n wá ní, "Ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti wí fún ọ."

Mo ṣe é. Mo fi bátìrì kún bátìrì, mo so sípíkà kọ́ Bàbá lọ́rùn, nọ́ọ̀tì mẹ́ta bọ́ sínú agolo. A jáde, a gba ẹsẹ̀ òkè Màpó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo tí ẹ̀rọ yẹn pa kì í ṣe ti ẹ̀fọn mọ́. Fèrè ọlọ́pàá gan-an ni. Nígbà yẹn ẹ̀wẹ̀, ọlọ́pàá máa ń lé àwọn tó bá pàtẹ sẹ́bàá títì. Àwọn ìyá gbọ́ "fíììì," wọn ò bojú wẹ̀yìn. Igbá lọ, àwo lọ, aṣọ lọ. Ìyá kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnì gbé àtẹ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ, bọ́tìnì dà láti òkè, ó ń yí bọ̀ nísàlẹ̀ bí òjò yìnyín.

Ìyá ọmọ tí mò ń fẹ́ ni.

Mo kúnlẹ̀, mò ń ṣa bọ́tìnì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lò ń fẹ́ ọmọ mi?" Mo ní, "Rárá mà, èmi kọ́."

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé gbogbo wàhálà yẹn, kò tún nǹkan ṣe. Etí Bàbá ti ṣófo, kò sí wáyà níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ bákan náà ni. Ẹni yìí kí wọn, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o," wọ́n dáhùn gbàgà. Ẹni tọ̀hún ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ mí?" wọ́n kọjá. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ sípíkà wò, mo ní ibì kan ń já níbì kan. Ẹnjiníà ni mí, wáyà ni mo mọ̀.

Kò kù ju ká lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi, ìyá mi àti Bàbá la lọ sí Pópó Yemọja lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo ti dá wáyà etí padà sára ọ̀pá, ṣùgbọ́n Bàbá ká a sọ́wọ́. Bí a ṣe wọlé ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín pálọ̀, mi ò dìde. Ọmọ tí mò ń fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ká etí agbádá kan, kò wò mí. Bàbá rẹ̀ ní ká jókòó. Ojú wọn le.

Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jù mí lọ, mi ò lè ní kẹ́ ẹ wá bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbá mi lójú ní gbangba. Mo ṣe sàlámà sí yín!"

Mo gbé orí sókè nílẹ̀ tí mo wà. Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, sà. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìró tó ń ti iwájú bọ̀ ń gba inú wáyà, ó ń dí..."

Bàbá ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ."

Mo dojú bolẹ̀ padà.

Bàbá ní, "Ẹ̀rọ kọ́. Mo gbọ́."

Ìyá mi ní, "Yéè!" Wọ́n dì mí létí aṣọ mú bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìyàwó ti lọ.

Bàbá ní, "Sàlámà yẹn, mo dá a lóhùn. Mo rọra wí i ni, Ọlọ́run gbọ́. Èyí tẹ́ ẹ sọ tẹ̀ lé e ni mi ò dáhùn."

Télọ̀ ní, "Kí ni mo sọ tẹ̀ lé e?"

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ìyá oníbọ́tìnì ní, "Ẹ sọ fún wọn. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n."

Télọ̀ wúkọ́. "Mo ní... mo kàn ní, 'Ta ni mí?'"

"Ohùn wo lẹ fi sọ ọ́?" Bàbá ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Àwàdà ni, Bàbá."

"Ohùn wo?"

"Mo fún imú."

Bàbá mirí. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, bí mo bá jáde láàárọ̀, ìdánwò ni mò ń lọ ṣe. Ta ni mí, ta ni mí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á pariwo lé mi lórí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní mo ti gbàgbé àwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lójú, ta ló máa ń daṣọ bojú níwájú yín, kó ní kẹ́ ẹ mọ òun kẹ́ ẹ tó kọjá? Oòrùn ń pa mí, káún wúwo lọ́wọ́ mi, àgbà télọ̀ wá ń fún imú sí mi létí." Wọ́n fọwọ́ lu ọ̀pá. "Èyí ń han sí mi létí láti àárọ̀ dalẹ́. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń jẹ bátìrì, kò mọ gọ́tà. Ṣùgbọ́n kò tíì bi mí lọ́jọ́ kan pé ta lòun. Wọ́n rí wáyà létí mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́, mo sì sinmi. Àfi ìgbà tí Ẹnjiníà wa wá gbé ìsinmi mi sórí sípíkà."

Mo ṣì wà nílẹ̀. Mo rò ó pé kí n máa ra lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rín ló bú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ìyá oníbọ́tìnì jáde, wọ́n di ìbàdí mú. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú orí ire o! Ẹ̀yin lè kọjá lọ. Èmi ńkọ́? Bí mo bá tọjà dé, tí mo kanlẹ̀kùn, wọ́n á dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fún imú, wọ́n á ní, 'Ta ni mí?' Ẹrù wà lórí mi o! Ọmọ mélòó ni mo bí fún wọn!"

Ọmọ tó ń ká agbádá da aṣọ bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Télọ̀ wo ìyàwó wọn, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n fẹ́ bínú, kò ṣe é ṣe, ẹ̀rín ti mú wọn lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ bá ti sọ fún mi."

"Màá sọ fún gbogbo Ìbàdàn? Ẹ kàn máa dárúkọ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kí mi. Kò lè pa yín."

Télọ̀ dìde. Wọ́n lọ dúró síwájú Bàbá, wọ́n ṣe sàlámà, wọ́n dárúkọ ara wọn, ti bàbá wọn àti ti agboolé wọn, wọ́n sì sọ iṣẹ́ wọn mọ́ ọn. Bàbá dáhùn ketekete, gbogbo pálọ̀ gbọ́. Wọ́n wá dá ọjọ́ tí a máa padà wá tọrọ ọmọ. Ìyá mi ń dúpẹ́, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń gbá mi nípàá, wọ́n ní kí n wo bí mo ṣe fẹ́ fi wáyà ba ayé mi jẹ́.

Wọ́n sìn wá jáde. Bàbá ti ki wáyà bọ etí, wọ́n ti ń lọ níwájú, ìyá mi ń sáré tẹ̀ lé wọn. Mo tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, télọ̀ dì mí léjìká mú, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ gé.

Wọ́n ní, "Má dúpẹ́. Bàbá yín ni mo fọmọ fún. Ìwọ kàn máa bá wọn gbé e ni."